Mo Ní Kí Hàjíà Sinmi

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo ìlú Tamale ní Ghana débi pé mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa ní àdúgbò Jisonayili, oòrùn sì funfun bí ẹyin tí wọ́n bó. Ètè mi ti là. Mo fi òrí pa á, mo fi pa ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú, mo wá jókòó de ọmọ ọmọ mi kó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Yendi la ti wá. Iṣẹ́ tó kọ́ ni láti máa lọ bá àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú nílé wọn, kó máa kọ́ apá àti ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n á ṣe tún ṣiṣẹ́. Ìlú ńlá ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rìn. Mo ní kò ní dá lọ, mo di ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé ọbẹ̀ ni n ó máa sè. Àṣé n ó tún di ògbufọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ ni Hàjíà kan ní àdúgbò Tishigu, Yorùbá ará wa, tó ń ta aṣọ kí àrùn tó mú un lápá kan. Àrùn yẹn gba Hausa lẹ́nu rẹ̀, ó gba Dagbani, èdè ìlú. Yorùbá ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Ọmọ ọmọ mi ńkọ́? Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ará wa. Yorùbá tirẹ̀ kò kọjá ìkíni àti orúkọ oúnjẹ. Èmi ni mo wá ń jókòó láàrin àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo ṣe rèé. Bí a bá fẹ́ máa lọ, ọmọ náà á gbé bútà tí Hàjíà fi ń ṣe àlùwàlá sí ẹnu ọ̀nà, á wá sọ fún mi ní Dagbani pé, "Kàkà," bó ṣe ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn, "ẹ bá mi sọ fún wọn: kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún wọn. Ìgbà márààrún tí wọ́n bá fẹ́ kírun, kí wọ́n dìde, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn."

Ẹnu wo ni n ó fi sọ ìyẹn fún ẹni tó jù mí lọ? Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá na ọwọ́ sí bútà, a ti gbé e dé iwájú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Mo bá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo ní, "Hàjíà, ọmọ yín ní kẹ́ ẹ sinmi. Kí wọ́n máa gbé bútà fún yín."

"Ọmọ dáadáa," ni Hàjíà á wí. "Ọlọ́run á bùkún un."

Ọmọ náà á rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Á bi mí pé, "Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún oṣù kan gbáko.

Ní àárọ̀ ọlọ́yẹ́ yẹn, ọmọkùnrin Hàjíà kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró dè wá lójúde. Dagbani ló fi bá ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀. "Ẹsẹ̀ ìyá mi wà bó ṣe wà. Mo bi í ní Yorùbá, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó máa sinmi. Ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ láti Jisonayili wá kọ́ ìyá mi ní oorun? Ológbò wa mọ̀ ọ́n kọ́ni jù yín lọ!"

"Èmi? Sinmi?" Ọmọ náà yíjú sí mi.

Mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Àgbà bí èmi, mo ń fa tẹ̀súbáà bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Ọkùnrin náà ní lẹ́yìn Jímọ̀ yìí kó má wá mọ́, òun á wá ẹlòmíràn. Mo ń retí kí ọmọ náà nawọ́ sí mi. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni. Mi ò ṣàlàyé dáadáa." Ó sì ti mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti mọ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n ló bo àṣírí mi níwájú ọkùnrin tí mo lè bí.

A padà sílé. Ó wá ní, "Kàkà, kí lẹ máa ń sọ fún wọn gan-an?" Mo sọ fún un. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ó bu túwó fún mi, ó kó gbogbo ẹran inú ọbẹ̀ sí àwo tèmi. Orí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ti ń ṣe ọmọlúàbí.

Ní ọjọ́ kejì, mo dá lọ sí Tishigu. Mo bá ọmọkùnrin náà kó tó jáde, ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń gbọ́. Mo ní, "Láti ọjọ́ kìíní ni ọmọ yẹn ti ń ní kí ìyá rẹ dìde. Èmi ni mo ń yí i padà."

Ó wò mí títí. "Màmá! Ẹ̀yin?" Ó yà lọ́nà fún mi.

Bútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Hàjíà. Nígbà tí mo gbé e, ó na ọwọ́ rẹ̀ tí kò rọ síwájú, ó rò pé mo fẹ́ bomi sí i. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé e kalẹ̀, mo ní kí ìyàwó ilé wá dúró ti Hàjíà kó má bàa ṣubú.

"Hàjíà, ẹ dárí jì mí. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá gbé e."

"Èmi? Èmi ni ìwọ ń rán níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó bú mi. Ó bú mi dé orí ìyá tó bí mi. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí n má bàa sáré gbé e fún un. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ògiri.