Ọjọ́ Tí Wọ́n Hó Lé Mi Lórí Lójú Màmá Àgbà

Bí mo darúgbó tí mo hewú, n kò lè gbàgbé ọjọ́ Fúráìdé tí a ṣeré ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Canarsie, lókè òkun.

Eré náà dá lórí bí obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ìtàgé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin ṣe ayaba níbẹ̀. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jáde, tíṣà sì ti ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi hó lé mi lórí bí òǹwòran ayé ìgbà náà tí kò fẹ́ rí obìnrin lórí ìtàgé.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tó rántí ṣàlàyé eré náà fún wọn.

Bí mo ṣe jáde ni ariwo sọ: "Hùúù! Bọ́ sílẹ̀!"

Màmá Àgbà fò dìde láàárín èrò. "Ta lẹ ń hó lé lórí? Àdùkẹ́ mi! Àdùkẹ́, ọmọ abẹ́ Olúmọ!" Wọ́n sì ń kì mí lọ ràì.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí fò lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa bí àgbà bá ń kì wá. Nígbà tí wọ́n kì mí tán, mo dìde, ọ̀rọ̀ mi sì padà wá. Mo sọ ọ́ ketekete dópin, ni gbogbo èrò bá pàtẹ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣàlàyé fún Màmá Àgbà pé eré ni ariwo yẹn, pé láyé àtijọ́ wọn kì í jẹ́ kí obìnrin ṣeré ìtàgé.

"Ṣé wọ́n wá ń jẹ́ kí obìnrin ṣe é báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé ẹ tún máa ṣe é lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Sọ fún wọn kí wọ́n hó dáadáa. Mo ń bọ̀."