Alhaji Yẹ̀kínì Ń Retí Ìbéèrè Kejì

Àwòrán náà tóbi ju ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé e kọ́ sí lọ. Alhaji Yẹ̀kínì dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kọ́kọ́rọ́ ní ọwọ́ kan, ife tíì ní ọwọ́ kejì, ó ń wá ilẹ̀kùn ara rẹ̀ nínú àwòrán. Kò rí i. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ tó mọ̀, tí bíríkì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ti di pupa róró. Koríko wà lórí òrùlé. Oyin ń fò lórí koríko. Níbi tí lọ́rì máa ń dúró sí láti gbé ẹrù rẹ̀, igi ló wà níbẹ̀, obìnrin kan sì jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò yà síbẹ̀.

Ọgbà ìṣòwò ìgbàlódé tí kò ní ba àyíká jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lédè Òyìnbó nìyẹn. Yẹ̀kínì kà á, ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yé e. Àpapọ̀ wọn ni kò yé e.

Nígbà kan rí, agolo bisikíìtì ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yẹn. Àwọn ẹ̀rọ ti dákẹ́ kí Yẹ̀kínì tó dé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Elephant and Castle, ẹyẹlé ló ń gbé ibẹ̀, onílé sì ń fi yàrá háyà fún ẹnikẹ́ni tí òjò kò bá lè lé lọ. Yẹ̀kínì gba yàrá ìsàlẹ̀, ó fi ń ṣe kágò. Àwọn ènìyàn á kó ẹrù wá, yóò dì í sínú àgbá aláwọ̀ búlúù, lọ́rì á gbé e lọ sí èbúté, ó di Èkó, ó di Ìbàdàn, ó di Ìwó tí wọ́n bí i sí. Ẹrù rẹ̀ kì í fọ́. Aṣọ àlòkù ló fi ń wé àwo. Ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń dí inú ife. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ọṣẹ àti kọ́ọ̀nfílékì kì í sùn nínú àgbá kan náà. Àwọn oníbàárà kì í fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn tó ra ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri, wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá. Tẹniọlá ni orúkọ rẹ̀. Brockley ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ń ti imú Òyìnbó jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bi àwọn tó ń lo ilé náà bí àtúnkọ́ yìí yóò ṣe kàn wọ́n. Yẹ̀kínì nu àga fún un. Ó ṣí mọ́ọ̀tì tútù fún un. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè bàbá rẹ̀.

"Uncle, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, ṣé ó máa fún yín ní problem?"

"Rárá o. Kò sí wàhálà."

"Business yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Alhamdulillahi."

"Tí a bá parí, ṣé ẹ máa fẹ́ come back?"

Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má ṣe ìyọnu nítorí tèmi. Ohun tí Ọlọ́run bá wí náà ni."

Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé, bí wọ́n bá pè é síbi oúnjẹ, á ní òun ti yó. Wọ́n á tún pè é. Ìgbà yẹn ni yóò tó fọwọ́. Ó ń retí ìbéèrè kejì. Tẹniọlá mu mọ́ọ̀tì tán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Èyí tó wá dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n ní kí ó kó kúrò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

"Alhaji, ṣé oyin inú àwòrán lẹ fẹ́ lá ni?"

Pásítọ̀ Fọlá ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti ìjọ rẹ̀ ló ń lo àjà òkè, níbi tí wọ́n ti ń kun agolo láyé àtijọ́.

"Mò ń wá ara mi ni," ni Yẹ̀kínì wí.

"Àwa ti rí tiwa. Ẹ wò ó, lẹ́yìn ilé kọfí yẹn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún wa. Ibo ni wọ́n fi ẹ̀yin sí?"

"Wọn ò fi mí síbì kankan."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu pásítọ̀. "Kí lẹ sọ fún ọmọ tí wọ́n rán wá?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"A dúpẹ́ kẹ̀? Alhaji, àwa sunkún fún un ni. Àwọn ìyá ìjọ sunkún. Ìyá Shiloh dùbúlẹ̀."

"Lójú àlejò?"

"Àlejò wo? Ẹni tó fẹ́ lé wa jáde?"

"Ó mu mọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ mi."

"Ó mu lọ́dọ̀ tiwa náà. Ó ń mu, a ń sunkún."

Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí àgbá tí kò tíì ní ẹrù. Ta ló ṣẹ̀? Òun kò parọ́. Ọmọ náà kò parọ́. Pásítọ̀ pàápàá kò parọ́. Ẹkún àwọn ìyá náà kì í ṣe ẹkún èké. Síbẹ̀ ẹni tó ṣe sùúrù ni ilẹ̀kùn tì sí ìta. Bí kò bá sí yàrá, kò sí kágò. Bí kò bá sí kágò, kò mọ ohun tí yóò máa fi àárọ̀ ṣe títí tí yóò fi kú.

Nílé, Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò tilẹ̀ bá a kẹ́dùn.

"Ẹ lọ bá ọmọ náà. Kí ẹ sì la ẹnu yín."

"Bí mo bá kí i tán—"

"Ẹ kí i ní kúkúrú. Bàbá Hameedah, ìkíni yín nìkan gùn tó Walworth Road."

Inú kọ̀nténà ni ọ́fíìsì àwọn tó ra ilẹ̀ náà wà, nínú àgbàlá. Irú kọ̀nténà tó ti ń fi kó ẹrù lọ sí Èkó láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́ fèrèsé sí i, wọ́n sì gbé òdòdó lé fèrèsé. Yẹ̀kínì kò mọ ẹsẹ̀ tí òun á fi ṣáájú wọ̀ ọ́. Kì í wọ kọ̀nténà láìgbé nǹkan lọ́wọ́.

"Uncle! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ṣé everything okay?"

"A dú—"

Ó gbé ìyókù mì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Rárá," ó wí. "Kò dára."

Tẹniọlá fi bírò sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi pé kò sí problem."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo bi yín tí ẹ bá fẹ́ come back. Ẹ ní kí n má worry."

"Mo ń retí kí ẹ tún bi mí."

"Kí ló dé tí màá fi bi yín lẹ́ẹ̀mejì?"

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Yẹ̀kínì wá èsì títí. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní irú rẹ̀ rí, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń tutù.

"Ìyá yín," ó wí níkẹyìn, "bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí ni wọ́n máa ń sọ?"

"Wọ́n máa ń ní àwọn ò jẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń gbé e padà sí kitchen."

Tẹniọlá wo fèrèsé.

"Wọ́n máa ń bínú," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ni mo máa ń ro ohun tí mo ṣe."

Lẹ́yìn náà, Tẹniọlá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó wò ó, ó tún un wò. Gbogbo yàrá ìsàlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́rì kò sì ní wọlé mọ́. Ẹnu géètì ni yóò máa dúró, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ni yóò máa kó ẹrù wọlé. Yàrá kan ṣoṣo ló kù, ní àjà kẹta. Kò tóbi. Fèrèsé rẹ̀ ń gba oòrùn dáadáa. Títí wọ́n á fi kọ́ ọ tán, wọ́n á fún un ní ibì kan ní Walworth tí yóò máa lò.

"Uncle, ṣé ẹ fẹ́—"

"Mo fẹ́ ẹ."

Etí Yẹ̀kínì gbóná. Ó dà bí ọmọ tó ki ọwọ́ bọ àwo kí àgbà tó jókòó. Tẹniọlá tẹ nǹkan díẹ̀, ó ní ó ti di tirẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti fi kí i, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Yẹ̀kínì fẹ́ ṣàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kò rántí èyí tó yẹ.

Sìdíkàt ń gé ilá nígbà tó wọlé.

"Wọ́n fún wa."

"Alhamdulillahi. Ibo?"

"Àjà kẹta."

Ọ̀bẹ dúró. "Àgbá? Ní àjà kẹta?"

"Wọ́n ní lífítì máa wà."

"Ẹ rí lífítì náà?"

"Wọn ò tíì ṣe é."

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Ṣé inú yín dùn ni, àbí kò dùn?"

Ó rò ó títí omi fi hó lórí iná.

"N kò mọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo ti ní mo fẹ́ ẹ."