Iyanrìn Tó Lọ sí Òkè-Àfá

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló gba gbogbo Ìsọlọ̀ kan nígbà tí owó epo dé. Láti Òṣòdì dé Òkè-Àfá, kò sí àdúgbò tí wọn ò ti kọ́lé. Àmọ́ lórí pápá ilé-ìwé wa, ibi tí àwa tí à ń díje nínú fífò jìnnà máa ń balẹ̀ sí le gbandi bí títì ọlọ́dà. Òjò ti wọ́ iyanrìn ibẹ̀ lọ pátápátá.

Tíṣà wa bẹ ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá ládùúgbò wa títí ó fi gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, típà kan gbé iyanrìn dé, a ń jó, a ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí awakọ̀ létí, típà sì ṣẹ́rí padà. Títì kún, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, mo bá sáré tẹ̀ lé e. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe da iyanrìn wa síwájú ilé tí ọ̀gá ń kọ́ l'Ókè-Àfá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilẹ̀ yìí le."

Ọ̀gá náà ní, "Tó o bá lè fò, fò. Tó ò bá lè fò, jókòó."

Mo fò. Bí mo ṣe balẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣẹ́, ó dún bí igi gbígbẹ.

Ó wá kí mi nílé tòun ti agolo bisikíìtì, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo ní, "Iyanrìn wa ńkọ́, sà?" Ìyá mi gbá mi lẹ́nu.

Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, mo fi ẹsẹ̀ òsì kọ́ fífò láti ìbẹ̀rẹ̀. Yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà torí ẹ̀ gbà mí. Nígbà tó yá, fífò di iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Mo padà wálé, ilé-ìwé mi pe ènìyàn jọ láti kí mi káàbọ̀. Ta ló dìde gba makirofóònù? Ọ̀gá yìí kan náà, nínú agbádá léèsì: "Èmi ni mo ṣe é tó fi dà báyìí." Ọ̀rẹ́ mi, mo dìde. Mo gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ bí iyanrìn wa ṣe di ògiri ilé rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ó pẹ́ kí ìyá mi tó bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó máa lanu sọ̀rọ̀, a jọ ń ṣa ẹ̀wà ni. Ó ní, "Èmi náà rí típà yẹn. Iwájú ìsọ̀ mi ló gbà kọjá."

"Ẹ sì kúnlẹ̀ fún un, Màámi?"

"Àbúrò rẹ ṣì ń lọ sílé-ìwé yẹn nígbà náà. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ìbínú mi sí ọkùnrin yẹn ò tíì tán, mi ò sì gbàdúrà kó tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kì í ṣe òun nìkan ni mò ń bínú sí mọ́. Ohun tó ń mú kí ẹni tó rí olè lójú ọ̀sán gangan kúnlẹ̀ kí i ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní ìbínú kì í ṣe nǹkan fún ni. Tèmi ṣe é: òun ló jẹ́ kí n lẹ́nu ọ̀rọ̀.