Ojú Ìwé Kẹrìnlélọ́gọ́jọ

Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1989 ni ìwé tí Tíṣà kọ nípa ìgbésí ayé akéwì kan jáde. Àkọsílẹ̀ ilé ìtẹ̀wé jẹ́rìí sí i. Òun a máa sọ pé ọdún mẹ́sàn-án lòun fi kọ ọ́. Déètì tó wà lára àwọn ìwé tó fi ṣèwádìí fi hàn pé ọdún méje ni.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní kíláàsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Òfin kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́: ohun tí ẹnu méjì kò bá jẹ́rìí sí, ẹ má kọ ọ́. Làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí Méjì.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ẹlẹ́rìí kejì dà?"

Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún kẹta tó fẹ̀yìn tì ni àbúrò akéwì náà, ìyá arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wá bá a nílé. Ọmọ-ọmọ ìyá náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìwé ọ̀hún bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ìyá kò jókòó. Ó ṣí i sí ojú ìwé kẹrìnlélọ́gọ́jọ, níbi tí Tíṣà ti kọ ọ́ pé akéwì kò yọjú sí ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí ìyá náà fi kú.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín kan ni, Màmá."

"Ta tún ni?"

Kò sí ẹlẹ́rìí kejì. Ìtàn náà ló dùn létí Tíṣà nígbà yẹn, ló bá jẹ́ kó wọlé.

Ìyá fa káàdì ilé ìwòsàn kékeré kan yọ nínú báàgì: akéwì fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ikú ìyá náà ku ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà mọ ìfọwọ́sí akéwì tó wà lórí káàdì náà ju tara rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò bímọ. Ìwé yìí nìkan ló ń gbé orúkọ ẹ̀ kiri. Ẹ bá mi tún un ṣe kí n tó kú."

Ilé ìtẹ̀wé ti kógbá sílé. Tíṣà mú bírò, ó ń ti ilé ìkàwé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fa igi lé gbólóhùn náà, ó ń kọ òótọ́ sí etí ìwé, ó sì ń fọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ ń ba ìwé jẹ́!" ni òṣìṣẹ́ kan figbe ta.

"Ó ti bàjẹ́ látọjọ́ tí mo ti kọ ọ́, ọmọ mi."

Oṣù mẹ́rìnlá, ẹ̀dà méjìdínlọ́gọ́ta. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn lọ bá ìyá náà lórí ibùsùn. Ìyá fi ìka tọ etí ìwé, ó kà á tán, ó pa á dé.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Àwọn tó ti kà á, tí wọ́n sì ti kú ńkọ́, ta ló máa bá wa sọ fún wọn?"