Hàwáwù ń Wá Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà

Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí ìpè yẹn ti wọlé ni ara Hàwáwù ò ti balẹ̀ mọ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ń kírun, kò mọ rákà tó wà. Dókítà Tèmidire Bádéjọ, olùkọ́ yunifásítì láti ìhà Ìbàdàn, ń bọ̀ wá sí Kàdúná láti wádìí nípa àwọn obìnrin tó lọ wá iṣẹ́ sí ilẹ̀ Sáúdí, ó sì ń wá ọmọ àdúgbò tí yóò bá a ṣiṣẹ́, tí yóò mú un wọlé àwọn èèyàn, tí yóò máa túmọ̀ Háúsá fún un. Ta ni kí wọ́n tún máa wá bí kò ṣe Hàwáwù? Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Badarawa ní Kàdúná níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ dá ní Yorùbá, ó dá ní Háúsá, ó sì ti jáde ní pólì. Láti ìgbà tó ti jáde náà, káàdì ìpè ló ń tà lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Gbogbo ẹni tó ra káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló gbọ́ pé ó ti di òṣìṣẹ́ yunifásítì.

Àmọ́ Dókítà ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún un lórí fóònù. "Bá mi wá obìnrin kan péré tó ti ṣiṣẹ́ ní Sáúdí, tó sì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá dé ní Jímọ̀ tí mo bá a nílẹ̀, iṣẹ́ di tìrẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnìkan wà ní Sàríà tó ti rí tirẹ̀."

"Ẹyọ kan péré?" Hàwáwù bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ ti rí i tán."

Ó wọ hìjáàbù tó dára jù, ó mú bírò, ó bọ́ sígboro. Ilé Ìyá Raodah ló kọ́kọ́ yà, nítorí gbogbo Badarawa ló mọ̀ pé obìnrin náà pẹ́ ní Jẹ́dà. Hàwáwù kúnlẹ̀ kí i, kò tíì dìde tán tó fi bèèrè pé, "Màmá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe ní Sáúdí?"

Ojú Ìyá Raodah yí padà. "Iṣẹ́? Èmi? Haba! Ùmúrà ni mo lọ ṣe." Ó ní òun gbé nǹkan ka iná, ó wọlé lọ, bẹ́ẹ̀ iná ààrò rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Bákan náà ni gbogbo ilé tó kù. Ùmúrà. Ùmúrà tó gba ọdún mẹ́rin, Ùmúrà tó gba ọdún mẹ́fà. Ohun tó wà lẹ́yìn òfà sì ju òje lọ. Ẹnìkan tilẹ̀ bi í bóyá ìjọba ló rán an. Ẹ wo ọmọ tó gbọ́n tán tí kò gbọ́n! Nílé tiwọn gan-an, ìyá rẹ̀, Alhájà Hàjàrá, lọ sí Sáúdí nígbà tí Hàwáwù ṣì ń kọ́ ABD, ó sì dé bá a tó ti ga tó o léjìká. Wọn ò pe ìyẹn níṣẹ́. Mẹ́kà ni wọ́n ń pè é. "Ìyá rẹ wà ní Mẹ́kà," ni ìyá àgbà máa ń wí, Hàwáwù sì gbà bẹ́ẹ̀, kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó bú sẹ́kún. "Iṣẹ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Màmá. Nínú gbogbo Badarawa, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ rí."

"Báwo lo ṣe ń bi wọ́n?"

Hàwáwù sọ fún un. Ìyá rẹ̀ pòṣé.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìnàjò dé nìyẹn? Ọ̀nà kan ò wọjà. Mú Dókítà rẹ wá lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí o sì ra dàbínù bọ̀."

Nígbà tí Dókítà dé lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó jókòó sórí ẹní. Dàbínù, èso tí àwọn tó ti Mẹ́kà dé máa ń pín, wà nínú àwo láàárín wọn. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí mi."

"Mo ti kí yín láàárọ̀, Màmá."

"Kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ìgbà yẹn ló yé Hàwáwù pé ìyá òun gan-an ni ẹni tí òun ń wá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Alihamudulilai. Ó rẹ̀ mí o." Ìyá nawọ́ dàbínù sí wọn. Ẹni tó bá sì jẹ dàbínù ẹni tó ti Mẹ́kà dé, yóò jókòó gbọ́ ìrìnàjò. Ẹni tó dé náà ò gbọdọ̀ ṣàìsọ ọ́.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ìyá arúgbó tí kò lè rìn ní Jẹ́dà, tí òun ń wẹ̀ fún, tí òun ń gbé pọ̀n lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ bó ṣe máa ń sá fún ọlọ́pàá nítorí kò ní ìwé ìgbélùú, títí kan ìgbà tó fara pa mọ́ sẹ́yìn táǹkì omi pẹ̀lú ọṣẹ lórí, Dókítà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lọ́jọ́ kan ni arúgbó yẹn pè mí ní ọmọ òun," ni ìyá wí. "Mo lọ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo sunkún. Ẹni tó yẹ kó máa pè mí ní ìyá, Badarawa ló wà."

Wọn ò mọ ìgbà tí Ìyá Raodah dé ẹnu ọ̀nà, òun àti àwo dàbínù tirẹ̀. "Ṣé wọ́n ń kí èèyàn níbí ni?" ló wí. "Ẹ kí èmi náà o."

Dókítà di ọwọ́ Hàwáwù mú. "Ọjọ́ Ajé la bẹ̀rẹ̀! Ìwọ ni mò ń bá ṣiṣẹ́."

"Wàláhì?" Hàwáwù fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ àwo fọ́, ó dì mọ́ Dókítà, ó dì mọ́ Ìyá Raodah. Ìgbà tó kan ìyá rẹ̀, ó dúró. Ó tún kúnlẹ̀.

"Màmá, ìkíni kan ló kù. Ẹ kú iṣẹ́."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí dàbínù. Láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ kú oríire Mẹ́kà ni gbogbo ayé ń kí i.

"Òo," ló dáhùn. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tún mi kí."

Hàwáwù tún un kí.