Dígí àti Ọ̀dà Pupa

Dígí ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ̀ tó bá kùn, èèyàn lè wò ó fá irùngbọ̀n. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fọ́n ọ̀dà sára ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a fi sándípépà ha á. Ìbòmú kì í pẹ́ lójú àwọn méjèèjì, wọ́n ní ooru ń mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù látọsíbítù, ohun kan ṣoṣo ló bá wá: kí àbúrò rẹ̀ lọ yẹ ìtọ̀ ara rẹ̀ wò kó tó pẹ́ jù.

Ọgbọ́n iṣẹ́ ló gbé Dígí dé ọsíbítù. Àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà mọ̀ pé àwọ̀ tí wọ́n bá lò lónìí ni wọ́n máa tu nítọ́ lọ́la. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kun ọkọ̀ panápaná, Dígí lọ tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Àbúrò, ọkọ̀ panápaná ti wọ inú mi o!"

Kò dùn ún, kò sì pẹ́ tó fi lọ. Nígbà tó tún dé, ọkọ̀ funfun ni wọ́n ń kùn, ó ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú ló ń jáde. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó lọ rí dókítà. Ó ní, "Ta ló mọ ọ̀dà nínú èmi àti ìwọ?" Òmùgọ̀ èèyàn!

Oṣù mẹ́wàá kọjá kí ẹ̀gbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Jẹjẹrẹ ti hù sójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín rẹ̀.

Dókítà ní, "Bàbá, ká ní ẹ tètè wá ni, ojú ìtọ̀ là bá gbà wọlé lọ jó o, kíndìnrín yín ì bá sì wà níbẹ̀. Ní báyìí, a máa yọ gbogbo rẹ̀ ni."

Ihò kéékèèké mẹ́rin ni wọ́n lu sí i nínú. Kámẹ́rà gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìyókù. Ojú abẹ kan tó gùn tó ìka ni wọ́n gbà gbé kíndìnrín náà jáde nísàlẹ̀ ikùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti délé. Gbogbo ẹbí ń dúpẹ́, inú òun nìkan ni kò dùn, nítorí dókítà ti sọ fún un pé àìsàn náà ti gba ara ògiri ọ̀nà ìtọ̀ náà kọjá, ó sì lè padà wá. Ìgbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí i ló jẹ́wọ́ pé òun náà ń rí pupa.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ni Dígí tún bi í lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ pé ọ̀dà ni."

"Mo parọ́! Lọ lónìí."

"Ẹ jẹ́ n rí ibi tí wọ́n là ná."

Dígí ká ẹ̀wù sókè. Àbúrò rẹ̀ wo àwọn àpá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyí, ẹ̀gbọ́n? Èyí tí páànù ọkọ̀ ṣá mi lọ́wọ́ ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ ọwọ́ wa ná."

"Kíndìnrín mi ò sí níbẹ̀ mọ́!"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dúró tẹ́ ẹ̀ ń pariwo yìí."

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣáájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Wọn ò sọ bí kòtò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àbúrò rẹ̀ ti mú sándípépà, ó ti tẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Dígí dúró síbẹ̀ tòun ti ẹ̀wù lókè, inú sì ń bí i sí àwọn dókítà pé ọwọ́ wọn mọ́ jù. Ká ní wọ́n là á láti ìhà dé ìdodo ni, ẹ̀rù ì bá ba ọmọ ìyá rẹ̀.