Làálì Tí Kò Ṣí

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi ń lé làálì nítorí ọdún. Òórùn ewé tútù náà gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ọ̀fà.

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù Ìbàdàn dé lọ́sàn-án náà. Ó wé ìborùn mọ́rí pinpin. Nígbà tó nawọ́ sí mi, èékánná rẹ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà dúdú.

"Màámi, ìyàwó ta lẹ lọ ṣe? Ẹ lé làálì láìmú mi dání!"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá pe àbúrò rẹ̀. "Sìkírátù, po làálì wá. Bí Alhaja ilé kejì bá béèrè, làálì ni."

Ọwọ́ tó ti dúdú ni Àǹtí tún ń kùn. Kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n mo na ìka tèmi náà.

"Ọkùnrin ń lé làálì? Ìyàwó, ta lọkọ ẹ?"

Màámi rẹ́rìn-ín. "Kùn ún fún un, jàre."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oògùn jẹjẹrẹ ló sọ ọwọ́ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀.

Tèmi ṣí kí oṣù tó parí. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ tirẹ̀ wò, inú sì ń bí mi pé ojúlówó ni wọ́n lé fún un.